Ohun Tí Àpótí Náà Kò Dá Padà

Ẹnjiníà Dúrósinmí kì í bẹ ènìyàn. Bó bá fẹ́ kí o ṣe nǹkan, á gbé e síwájú rẹ, á fi bíírò lé e lórí, á sì máa wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí wàá fi ṣe é. Bó ṣe ṣe fún Kàósárà Àkànó náà nìyẹn lọ́jọ́ Ajé, ní ọ́fíìsì wọn tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Òkè Fíà. Ó gbé ìwé kan kalẹ̀, ojú ewé kan péré, ó ní kó buwọ́ lù ú.

Kàósárà ka ìwé náà, ó tún un kà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àpótí tí iléeṣẹ́ wọn ṣe kò ní àbùkù kankan, pé nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ nílùú Òṣú ló yọ ọ́ kúrò lára iná, àti pé ìdí nìyẹn tí bátìrì rẹ̀ fi kú, tí kò fi lè pe ẹnikẹ́ni nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ń bàjẹ́ nínú fíríìjì. Wọ́n tẹ orúkọ méjì sísàlẹ̀. Ẹnjiníà ti buwọ́ lu tirẹ̀. Èkejì ni ti Kàósárà.

Àpótí tí à ń wí yìí kò ju páálí bàtà ọmọdé lọ. Ẹ̀gbẹ́ fíríìjì abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Ojú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀ wà nínú fíríìjì, òun ló ń wo bó ṣe tutù sí. Bí fíríìjì bá ti ń gbóná, sẹ́ńsọ̀ á ta àpótí lólobó, àpótí á sì pe fóònù nọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ì báà má sí iná, torí bátìrì wà nínú rẹ̀. Ogójì irú rẹ̀ ló wà káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tí wọ́n ń gbé e fún àwọn nọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé bí àpótí ò bá ti pè yín, ẹ fọkàn yín balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Wúrà Òkìkí sì fọkàn balẹ̀ lóòótọ́. Iná dé fún wákàtí kan lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lọ, kò padà dé àfi lọ́jọ́ Ajé. Fíríìjì gbóná, àpótí dákẹ́, gbogbo abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sì di ohun à ń dà nù. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí wọ́n ti ní kí Wúrà lọ rọ́kún nílé, obìnrin tó ti ń gún ọmọ Òṣú lábẹ́rẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìgbìmọ̀ kan máa jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀ ní Òṣogbo. Ìwé tó wà níwájú Kàósárà yìí ni wọ́n fẹ́ fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Kàósárà ti bíírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun ò tíì lè buwọ́ lù ú, sà.

"Kí lo tún fẹ́ rí?" ni Ẹnjiníà wí. "Obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú èsì kúérì pé òun yọ púlọ́ọ̀gì."

"Ti fíríìjì ló ní òun yọ, sà. Kò ní òun yọ ti àpótí. Mo fẹ́ lọ wò ó."

Àwọn tó kù nínú ọ́fíìsì dojú kọ kọ̀ǹpútà wọn bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n mọ Kàósárà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, kò ga, kì í pariwo, híjáàbù rẹ̀ kì í yẹ̀ lórí rẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á sì rò pé onítìjú ni. Onítìjú wo. Bó bá ti ní òun ò ṣe nǹkan, o lè gbé gbogbo Òkè Fíà wá bẹ̀ ẹ́, ibi tó wà náà lo máa bá a. Ẹnjiníà wo aago rẹ̀, ó ní kó lọ, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ìwé náà gbọ́dọ̀ kúrò ní ọ́fíìsì yìí kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kàósárà kúrò ní yàrá tó háyà ní Ìgbóná, ó wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, ó sì wọ òmíràn níbẹ̀ lọ sí Òṣú. Ó bá Wúrà níwájú ilé rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà. Obìnrin náà síngbọnlẹ̀, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ funfun báláú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ní kó má wá sẹ́nu iṣẹ́. Kàósárà kúnlẹ̀ kí i, ó sọ ẹni tó rán òun níṣẹ́. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Wúrà fi da Ìjẹ̀ṣà bolẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ni Kàósárà, kò gbọ́ ju ìdajì ohun tí ìyá náà ń sọ lọ, ṣùgbọ́n ìdajì tó gbọ́ yẹn tó o. Kò sí oríkì kankan níbẹ̀.

Ó dúró títí ìyá náà fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní òun ò wá bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ẹ̀bi, òun wá kó lè fi bó ṣe ń ṣe han òun ni, láti ìgbà tí iná bá ti dé.

Wúrà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "O ò wá gba àforíjì kankan lọ́wọ́ mi?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Torí mi ò ní."

Wọ́n jọ rìn lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Kàósárà rántí pé wọ́n ti kọ̀wé sí Wúrà pé kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ó sì béèrè bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Wúrà ní inú ilé ni wọ́n dárúkọ, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ fáráńdà. Ó gbé àga tó wà lábẹ́ fèrèsé, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó wá gba atẹ́gùn, ó sì ti ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún Salmah, nọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n fi dípò rẹ̀. Ojú Salmah ò gbé e láti wí fún un pé kó dákẹ́.

Iná dé nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo méjìlá lù. Salmah na ọwọ́ sí púlọ́ọ̀gì fíríìjì.

"Kì í ṣe báyìí o," ni Wúrà wí látojú fèrèsé. "Wo fáànù."

Fáànù tó wà lókè àjà ń yí bí ẹni tó fẹ́ fò lọ. Ó tún rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ó tún sáré. Wúrà ṣàlàyé pé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, iná dé tagbára-tagbára báyìí, ó jó fíríìjì àkọ́kọ́, orí ọ̀kadà lòun sì gbé abẹ́rẹ́ lé lọ sí Iléṣà nínú kúlà. Láti ọjọ́ náà, bí iná bá ti lọ, òun á yọ fíríìjì. Bó bá dé, òun á dúró kí fáànù yí dọ́gba-dọ́gba fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí òun tó fi í sí i. Ó ní kò sí ilé kan ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí iná ti ba fíríìjì wọn jẹ́ rí tí wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ń sọ èyí, Kàósárà ti so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ àpótí, ó sì ń ka ohun tí àpótí ń kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí iná bá ti dé, àpótí á pa ara rẹ̀, á tún jí ní tuntun, á sì ní kí sẹ́ńsọ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara wáyà fíríìjì ni wọ́n so sẹ́ńsọ̀ mọ́. Ó ní bátìrì tó lè gbé e fún ọjọ́ mẹ́ta bó bá ti jí, àmọ́ kò lè jí láìjẹ́ pé fíríìjì rí iná. Àpótí pe sẹ́ńsọ̀, sẹ́ńsọ̀ ò dáhùn, ó ṣì ń sùn. Kò sí aburú nínú ìyẹn. Wọ́n ti kọ ọ́ pé kí àpótí tún gbìyànjú ní ìdajì ìṣẹ́jú sí i.

Ó tún gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ rárá. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé ohun tí òun fẹ́ lò ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Fáànù wá yí dọ́gba, Salmah fi fíríìjì síná, sẹ́ńsọ̀ jí, ó ń dúró kí wọ́n pe òun. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Ní ìdajì ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àpótí ń kọ ọ́ pé ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Iná kékeré iwájú rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ ní àwọ̀ ewé, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ewu.

Kàósárà béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé ta ni ẹlòmíràn náà. Ó wá gbogbo inú àpótí, kò rí ẹnì kankan. Àpótí náà fúnra rẹ̀ ni.

Nínú irú ẹ̀rọ báyìí, olórí kan wà tí wọ́n ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù wà, kò sí ẹni tó lè lo nǹkan láìgbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó sì ń ṣojú rẹ̀ lọ bá sẹ́ńsọ̀ sọ̀rọ̀ ni àwọn oníkóòdù ń pè ní dírẹ́bà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wa ọkọ̀ kankan rí. Ẹnjiníà Dúrósinmí ló kọ dírẹ́bà yìí. Bó bá fẹ́ jáde, á kọ́kọ́ gba àyè tó máa kọ nǹkan sí, á gba wáyà tó ń gbé iná lọ sí sẹ́ńsọ̀, á gba agogo tí sẹ́ńsọ̀ máa fi pè é. Ẹ̀yìn náà ni yóò kí sẹ́ńsọ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ bá jẹ́ ẹ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ẹ, dírẹ́bà á kọrí sílé, ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá tún padà wá láti gbà wọ́n, kánẹ́ẹ̀lì á ní kò sí nílẹ̀, ẹnì kan ti kó wọn lọ.

Ẹ̀rín pa Kàósárà níbi tó jókòó sí. Ìyá rẹ̀, Àdíját, ló ń tọ́jú ẹrù agboolé wọn ní Òṣogbo, ìkòkò ńláńlá, àwo àti ẹní tí gbogbo ilé jọ ra. Lọ́dún kan, ìdílé kan wá kó wọn nítorí wólíìmọ̀ ọmọ wọn. Òjò dé, wọ́n sún ọjọ́ síwájú, ẹrù ò sì padà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́ ṣe fídáù bàbá àgbà kan nínú agboolé, kò sí ìkòkò kan láti fi se oúnjẹ. Ìyá Kàósárà gba ilé àwọn tó kó ẹrù lọ. Wọ́n ní ṣebí wọn ò dáná, kí ni wọ́n fẹ́ dá padà. Ó ní, "Mi ò bi yín bóyá ẹ dáná. Mo ní ìkòkò mi ńkọ́?" Ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ dé. Ẹ̀yìn yàrá ni ìkòkò ń wà, iwájú ni ẹní ń wà, nítorí náà ẹní ló kọ́kọ́ jáde, ìkòkò ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tó bá sáré kó ẹní wọlé ṣáájú, Àdíját á ní kó kó o jáde.

Ohun tí Ẹnjiníà náà rò nìyẹn, pé níwọ̀n ìgbà tí inàwó ò ti wáyé, kò sí ẹrù nílẹ̀ láti kó. Orí Kàósárà kọ́kọ́ wú pé òun rí i. Ó wá rántí ẹni tó yẹ dírẹ́bà náà wò kí wọ́n tó gbé àpótí jáde lọ́dún méjì sẹ́yìn, ojú sì tì í gidigidi. Òun náà ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi yẹ̀ ẹ́ wò ní Òkè Fíà, lórí ínfátà, níbi tí iná ti ń kan gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, tí sẹ́ńsọ̀ kì í pẹ́ jí. Kò rò ó rí pé ẹnikẹ́ni á dúró wo fáànù. Bẹ́ẹ̀, ìyá tirẹ̀ ń ṣe é nílé lójoojúmọ́.

Wúrà béèrè ohun tó rí. Kàósárà dìde, ó lọ bá a ní fáráńdà.

"Ẹ ò jẹ̀bi, mà. Àwa la jẹ̀bi."

Omi lé ròrò sí Wúrà lójú, inú sì bí i pé omi náà lé. Ó ní, "Má sọ ọ́ fún mi ní ìkọ̀kọ̀. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wá sọ ọ́ l'Ọ́jọ́bọ̀."

Kàósárà ní òun máa wá.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó jókòó ti àtúnṣe náà ní Òkè Fíà. Ó so sẹ́ńsọ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀, ó ń fi í síná lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Òṣú. Èyí tó kọ́kọ́ kọ kò dára. Ó ní kí dírẹ́bà dá ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà nígbàkígbà tí nǹkan bá ti bà jẹ́, ibi yòówù tó ti bà jẹ́. Ọjọ́ tí dírẹ́bà ò bá wá rí ju ohun méjì gbà, á fẹ́ dá ìkẹta tí kò gbà padà, àpótí á sì dákú pátápátá. Ó pa á rẹ́. Ó tún un kọ ní ipele-ipele: bó bá jẹ́ ẹnu ìkíni ló ti bà jẹ́, kó dá agogo padà, lẹ́yìn náà wáyà, lẹ́yìn náà àyè. Bó bá jẹ́ ẹnu agogo ni, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí wáyà. Bó bá jẹ́ ẹnu wáyà ni, àyè nìkan ni kó dá padà. Kò ju ìlà mọ́kànlá lọ. Ó dán an wò títí agogo méjì ọ̀sán fi lù, ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún, kò sì kùnà lẹ́ẹ̀kan.

Ó gbé e lọ bá Ẹnjiníà. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ka ìlà mọ́kànlá náà, ó ka àkọsílẹ̀ ti Òṣú, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní iṣẹ́ tó dáa ni. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn máa fi ránṣẹ́ sí ogójì àpótí náà wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, kò sídìí ariwo. Ó wá fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ìwé ọjọ́sí jáde, ó gbé e síwájú Kàósárà, ó fi bíírò lé e lórí.

Kàósárà rò pé ojú òun ló ń ṣe ràn-ràn.

Ẹnjiníà ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ti bàbá ẹni. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń jẹun lára àpótí yìí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ní àbùkù, wọ́n máa dá a padà, gbogbo wọn á sì túká. Nọ́ọ̀sì náà ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Kí Kàósárà tó lanu, ó fi èyí tó ti pa mọ́ kún un: "Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Bí o bá ní àpótí jẹ̀bi, ìwọ lo máa kọ́kọ́ jẹ̀bi."

Ẹ̀rù ba Kàósárà, kò ní ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù ò bà. Owó yàrá tó háyà ń bẹ, àbúrò rẹ̀ ń bẹ ní ilé ìwé. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí i ju ẹ̀rù náà lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, mo jẹ̀bi," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ kí àpótí dá ohun tó gbà padà, kí àwa wá gbé ẹ̀bi wa lé Nọ́ọ̀sì Wúrà lórí ká máa lọ sílé. Mi ò ní buwọ́ lù ú. Ẹ tiẹ̀ má jókòó dè mí."

Ó padà sí orí àga rẹ̀. Òun ló máa ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbogbo àpótí, kò sì tíì sí ẹni tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìlà mọ́kànlá náà ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, sí Òṣú àti sí gbogbo ibi tó kù, ó sì dúró títí ogójì fi jẹ́ ẹ. Ó wá mú àpótí méjì láti orí pẹpẹ, ọ̀kan tó ti gba àtúnṣe, ọ̀kan tí kò gbà, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹni tó ń mú ẹrù jáde, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Yàrá ńlá kan tí fèrèsé rẹ̀ ò ṣí dáadáa ni ìgbìmọ̀ náà jókòó sí l'Ọ́jọ́bọ̀. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n, Alhájà Kàdíjátù Béjidé sì ni alága wọn, mátírọ́nù tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Wúrà wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ẹnjiníà ti wà lórí ìdúró, tó ń ṣàlàyé, nígbà tí Kàósárà gbé àpótí méjèèjì wọlé.

Ẹnjiníà ní wọn ò pè é. Alága béèrè ẹni tó jẹ́.

"Èmi ni mo yẹ àpótí náà wò kí wọ́n tó gbé e jáde, mà. Èmi ni mo buwọ́ lù ú pé ó dára. Kò dára."

Alága ní kó fi han àwọn bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, kó má kàn sọ ọ́. Fíríìjì kékeré kan wà nígun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí. Kàósárà fi nọ́ńbà Wúrà sínú àpótí méjèèjì, ó so sẹ́ńsọ̀ mọ́ wáyà fíríìjì náà, ó gbé àpótí tí kò tíì gba àtúnṣe tì í, ó ní kí Wúrà ṣe é gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe é ní Òṣú. Wúrà yọ gbogbo rẹ̀, ó fi àpótí síná, ó gbójú sókè wo fáànù. Gbogbo ìgbìmọ̀ náà wo fáànù pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi fíríìjì síná. Kàósárà wá mú sẹ́ńsọ̀ kúrò nínú fíríìjì, ó rì í sínú tíì gbígbóná tó wà níwájú alága. Wọ́n dúró. Iná àwọ̀ ewé ń tàn. Fóònù Wúrà tó wà lórí tábìlì ò dún.

Ó gbé àpótí kejì síbẹ̀, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí sẹ́ńsọ̀ wọ inú tíì tí fóònù Wúrà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Alága ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì rí bákan náà. Alága wá bi Ẹnjiníà bóyá ó ní nǹkan láti sọ. Ó ní àṣìṣe kékeré ni, àti pé ọmọbìnrin yìí kó ẹrù iléeṣẹ́ jáde láìgba àṣẹ. Wọ́n ní kó jókòó.

Ìgbìmọ̀ wọ yàrá inú lọ, wọ́n sì padà wá pẹ̀lú lẹ́tà. Ọkùnrin tó jókòó lápá ọ̀tún alága ló kà á. Wọ́n dá Nọ́ọ̀sì Wúrà Òkìkí padà sẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kó má ṣe yọ púlọ́ọ̀gì mọ́ láìgba àṣẹ.

Kàósárà mí kanlẹ̀. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó. Ẹnjiníà tó jókòó ní àga mẹ́ta sí i ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kó má wá sí ọ́fíìsì mọ́. Ó gbójú sókè wò ó, ọkùnrin náà sì ń wo aago. Ó ti fóònù bọ àpò. Ó ti mọ̀ pé á dé, ṣùgbọ́n ó dùn ún síbẹ̀.

Ìgbà náà ló rí i pé Wúrà ò gba lẹ́tà tí wọ́n nà sí i. Ìyá náà dìde dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Ọkùnrin tó ka lẹ́tà ní, "Mọ́mì, ẹ ti rí iṣẹ́ yín gbà. Ẹ máa lọ sílé."

"Mi ò gbà á," ni Wúrà wí. "Ẹ dá iṣẹ́ mi padà, ẹ sì fi ẹ̀bi tì í lẹ́yìn. Bí iná bá tún dé tagbára-tagbára lọ́jọ́ Ajé, mo máa yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ kọ ọ́ pé mi ò ṣẹ̀, tàbí kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ lé mi. Mi ò gba èyí tó wà láàárín."

Ọkùnrin náà wo alága. Alága ò wo ẹnikẹ́ni. Kàósárà dìde, ó lọ dúró ti Wúrà. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti fi kún tirẹ̀, kò sì ní ọ́fíìsì kankan tó ń kánjú lọ. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀. Nígbà tó ṣe, Alhájà Béjidé fa ìwé náà ya sí méjì, ó mú tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Wúrà fi awò rẹ̀ sójú nígbà tí wọ́n gbé e fún un. Ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àbùkù wà lára àpótí. Ó rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé bó ṣe ń ṣe iná tọ̀nà. Ó dé ìlà tó gbẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ fi àánú dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, ìka rẹ̀ sì dúró.

Ó dá ìwé náà padà sórí tábìlì. "Ẹ bá mi pa àánú yẹn rẹ́."

Alága mú bíírò, ó fa igi lé e.